Ẹ Má Kánjú Dé Oríòkè

Tí ọdún bá ti ń kógbá sílé, irú ìpè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù mi. Ọmọ Ìlàjẹ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó tàbí sí ìlú òyìnbó, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò tẹsẹ̀ bọ omi wa rí, á ní òun fẹ́ kí n fi ọkọ̀ gbé òun àti ẹbí òun yí àwọn erékùṣù wa ká lọ́jọ́ kan. Kì í pẹ́ tí àwòrán á fi tẹ̀lé e: omi tó mọ́ gaara, yanrìn funfun, ọkọ̀ ìgbòkun kan tó dúró jẹ́ẹ́, obìnrin kan tó nà gbalaja sórí àga gígùn. "Bàbá, ṣé a lè rí irú èyí?" Èsì mi kì í yí padà. Yanrìn funfun wà, ṣùgbọ́n Igbókòdá ló wà, níbi tí kò sí òkun. Ní etí òkun, ẹrẹ̀ ni ẹ ó bá.

Ẹ má rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Yanrìn Igbókòdá dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé-iṣẹ́ gíláàsì Olúwa síbẹ̀ nítorí rẹ̀, kó tó di pé ilé-iṣẹ́ náà dákẹ́. Bí ẹ bá wá gba ojú omi sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé Òkun Àtìláńtíìkì, ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀ mìnìjọ̀ ni yóò kí yín káàbọ̀, omi òkun fúnra rẹ̀ yóò sì rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Láti Aráròmí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà Lẹ́kí títí dé Èkó, etí òkun yanrìn ni. Láti agbègbè Ayétòrò lọ sí ìlà-oòrùn, títí dé Awóyè, ẹrẹ̀ ló gbà á kan. Àwọn onímọ̀ òkun ti wá ìdí rẹ̀. Omi òkun máa ń ti yanrìn rìn létí ilẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀gbun méjì wà lábẹ́ òkun níwájú wa: Avon ni wọ́n ń pe ọ̀kan, wọ́n sì fi Màhín sọ èkejì. Yanrìn tó bá ti kó sí ọ̀gbun ti lọ nìyẹn. Ẹrẹ̀ kíkúnná ló ń ṣẹ́ kù fún wa.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi tiwa wé ti àwọn erékùṣù Virgin Islands, níbi tí àwọn onífàájì ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣí láti Tortola lọ sí Jost Van Dyke, ó ń da ẹyin adìyẹ pọ̀ mọ́ ẹyin awó. Tọ̀hún, òkè ni wọ́n tẹ́lẹ̀, omi ló bò wọ́n tí orí wọn ṣẹ́ kù síta. Bí èèyàn bá dúró lórí ọ̀kan, á máa fojú rí èkejì, atẹ́gùn wọn sì ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn ṣáá, ó ṣeé fọkàn tán. Tiwa, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, tí odò, ọ̀sà àti òkun jọ gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ kò lè dúró sí ọ̀kan kí ẹ rí èkejì, igi ẹ̀gbà àti igi ògùrọ̀ ti bo ojú yín. Oríòkè-Ìwàmímọ́, tí mo máa ń kó àlejò lọ jù, kò ní òkè kankan, òkè àdúrà ni àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní lọ́kàn. Àwọn ọmọdé tí mo bá gbé máa ń wá òkè náà títí a ó fi gúnlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dá mi lójú: lórí omi Ìlàjẹ, ibi tí ẹ kò lọ ló ń mú ọjọ́ fàájì dùn. Àlejò á kó orúkọ ibi mẹ́fà jọ: Ugbónlá, Zion Pẹpẹ, Ayétòrò, Awóyè, Obèńlá, Oríòkè, gbogbo rẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń dín in kù sí ibi méjì. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ jù, mo lè fi ẹyọ kan kún un, tí omi bá gbà.

Tí omi bá gbà. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gbólóhùn yẹn sí. Láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, omi wa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tó kún dé ìgbà tó fà tán jẹ́ nǹkan bí wákàtí 6 lé díẹ̀. Òṣùpá ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe oòrùn, ìdí nìyí tí àsìkò rẹ̀ fi ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di àrànmọ́jú, omi á kún ju bó ti yẹ lọ, á sì fà títí ìdí odò á fi yọ. Ẹni tó bá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé lòun fẹ́ gbéra, mo gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ orí òṣùpá kí n tó dá a lóhùn. Nínú àwọn ipa-omi tóóró tó wà láàárín Igbókòdá àti etí òkun, bí omi bá fà, kùkùté tó ti wà nísàlẹ̀ láti ayé baba ńlá wa á gbé orí sókè, fáànù ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó bá gbá a, ọjọ́ fàájì ti parí.

Bí mo bá dé èbúté láàárọ̀, òpó ilé ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ibi tí ó tutù sí lára òpó á sọ fún mi ibi tí omi dé lóru. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo ewé orí omi, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní 1984 ló gba ojú omi orílẹ̀-èdè Benin wọ Bàdágìrì, nígbà tó sì ṣe, ó kún ojú omi tiwa náà. Bí ewé bá ń ṣàn lọ sí ìhà òkun, omi ń fà. Bó bá ń padà bọ̀ wá sí Igbókòdá, omi ń kún. Bó bá dúró sójú kan, tí kò lọ tí kò bọ̀, omi ń sinmi nìyẹn, kì í sì í sinmi pẹ́. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà láti máa fà ni mo fẹ́ràn láti ṣí, kí omi fúnra rẹ̀ máa gbé wa lọ, kí bẹntiróòlù má baà jẹ owó àlejò tán.

Èbúté Igbókòdá láàárọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí èèyàn ń jẹ àti èyí tó ń lò létí òkun, ibẹ̀ ló ti ń wọ ọkọ̀: àpò gàárì, pákó, páànù, kẹ́ẹ̀gì epo, báálì omi inú ọ̀rá, tíṣà tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Ohun tó ń wá láti òdìkejì ni ẹja àti ẹní. Ẹní yẹn, àwọn obìnrin wa ló ń hun ún, mo sì máa ń gba àlejò nímọ̀ràn pé kó má rà á ní Igbókòdá. Kó dúró di ìgbà tó bá dé ọwọ́ ẹni tó hun ún.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má yára ní wákàtí àkọ́kọ́. Níbi tí omi ṣì dùn, igi ògùrọ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó sì máa rí èéfín níbi tí wọ́n ti ń se ọtí ògógóró. Bó bá yá, ògùrọ̀ á tẹ̀yìn sí wa, ẹ̀gbà á gba ipò rẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó dúró lórí omi. Níbẹ̀ ni ewé orí omi ti ń dín kù, nítorí iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọlé jìn, ọ̀nà á mọ́. Lásìkò òjò, omi dídùn á ti iyọ̀ padà, ewé á bo ojú ọ̀nà pátápátá, a ó sì máa dúró léraléra. Ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ mi tí yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò gbé ìdí rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, yóò fi ọ̀bẹ kékeré kan ya gbòǹgbò dúdú tó wé mọ́ fáànù, fọ́nrán kan tẹ̀ lé òmíràn, kò ní fipá fà á, nítorí bó bá fipá fà á, ìṣó wẹ́wẹ́ tó di fáànù mú lè kán, ìyẹn ò sì sí lọ́jà ní ojú omi. Àlejò tó bá ń wo aago lásìkò yẹn, mo máa ń bá a kẹ́dùn.

Ibì kan wà tí inú mi kì í dùn láti gbà kọjá, ìyẹn ìhà Awóyè, níbi tí igi gbígbẹ dúró lọ súà nínú omi. Irà omi dídùn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ipa-omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ṣí ọ̀nà fún òkun, iyọ̀ wọlé, igi kú, ẹja odò sì wábi gbà. N kì í kó àlejò lọ síbẹ̀ fún fàájì. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀, mo lè mú un lọ lọ́jọ́ mìíràn, kí a pe ìrìn-àjò náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Níbi tí omi ti fẹ̀ ni a ti ń pa ẹ́ńjìnnì tí a ń ta ìgbòkun. Àwọn kan ti bi mí pé kí ni mo ń fi ìyẹn ṣe láyé Yamaha. Mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n wò ó. Àwọn baba wa, àjẹ̀, ọ̀pá gígùn àti ìgbòkun ni wọ́n fi ń ná ọjà Ẹ̀jìnrìn, òun ni wọ́n sì fi ń dé Èkó. Wọ́n mọ̀ pé ní ìdájí, ilẹ̀ ti tutù ju omi lọ, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú òkun, á ti apẹja jáde. Lọ́sàn-án, oòrùn á ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn á yí padà, á máa fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé, á ti apẹja àti ẹja rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù nínú ayé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orí afárá Third Mainland kọjá l'Ékòó, ẹ ṣáà ń rí àwọn ọkọ̀ ìgbòkun alábùlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń kó yanrìn lórí ọ̀sà. Iṣẹ́ náà kò tíì kú. Àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé Mákòókò pẹ̀lú àwọn Ègùn mọ ohun tí mò ń wí.

Ìgbòkun tèmi, àpò ìrẹsì tí mo tú ni mo rán pọ̀, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ nílọ̀ọ́po méjì mọ́ okùn. Ihò kan wà lára pákó ìjókòó iwájú, ibẹ̀ ni a ń ki òpó bọ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pá kejì tó tín-ín-rín dábùú ìgbòkun, láti ìdí òpó lọ sí igun òkè lọ́hùn-ún, òun ló ń na aṣọ náà kí atẹ́gùn lè rí i gbá mú. Okùn kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ tí a fi ń fà á tàbí dẹ̀ ẹ́. Òfin tí mo ń tẹnu mọ́ fún àlejò ni pé a kì í so okùn yẹn mọ́ ọkọ̀. Ọwọ́ la fi ń mú un. Bí ìjì bá já lójijì, ọwọ́ á tú u sílẹ̀, ìgbòkun á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, ọkọ̀ á sì dúró nàró. Bó bá jẹ́ pé wọ́n so ó ni, ọkọ̀ á dojú dé. Mo máa ń fa okùn náà lé ọmọ tó bá dàgbà díẹ̀ lọ́wọ́, èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ tí mo fi ń tọ́ ọ. Ọmọ tó ti ń tẹ fóònù láti Òrè, ẹ ó rí i tí yóò gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ń fa ọwọ́ rẹ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ máa wo ibòmíràn.

Bí a bá ń lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí n sọ ìtàn. Mo máa ń sọ ti Jámánì, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò gbọ́ ọ rí. Ní 1885, ilé òwò Gottlieb Leonhard Gaiser, ará Hamburg tí ìṣòwò rẹ̀ fìdí múlẹ̀ l'Ékòó, bá Amapetu, ọba Màhín, ṣe àdéhùn lórí etíkun wa, aṣojú ìjọba Jámánì sì kéde pé Màhín ti bọ́ sábẹ́ ààbò Jámánì. Inú Gẹ̀ẹ́sì kò dùn sí i rárá. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dì í mú ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èdè Jámánì ni màá fi máa bú ẹni tó bá ju ọ̀rá sínú omi.

N kì í fi ẹ́ńjìnnì wọ Oríòkè. Ní ìyókù díẹ̀, a ó pa á, a ó fi àjẹ̀ wọlé. Àwọn awakọ̀ kan ń sáré wọlé kí àlejò lè pariwo, mo sì kà á sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Orí òpó ni ilé wà. Ìgbì tí ọkọ̀ aláriwo bá dá sílẹ̀ ń gbá ìdí òpó wọ̀nyẹn, ó ń mi ìkòkò lórí iná, ó sì ń da àwọn ọmọ kéékèèké tó ń tu ọkọ̀ ara wọn lọ sílé-ìwé láàmú. Lẹ́yìn tí a bá gúnlẹ̀, a ó kí àgbà, a ó dárúkọ ẹni tó mú wa wá, kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù láti ya àwòrán. Afárá pákó ni títì. Mo máa ń fún àlejò ní ọ̀rá kí ó so fóònù rẹ̀ sí, nítorí àlàfo wà láàárín pákó, ohun tó bá sì já bọ́ sínú ẹrẹ̀ yẹn ti di ti akàn.

Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ilé ìjọsìn, wọ́n á bọ́ bàtà. Ẹ̀sìn Aládùúrà ló tún etíkun yìí ṣe ní ìlànà tuntun. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1925, omi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì bá àwọn èèyàn tó mọ̀ pé ẹ̀mí kì í gbé orí ilẹ̀ nìkan. Ẹ̀rù Ayélála, òrìṣà ilẹ̀ wa, kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn o. Mo mọ àwọn aláṣọ funfun tí kò jẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣeré.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan mìíràn tí a fẹ́ ṣe. Àwọn àlejò kì í kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà kan, obìnrin kan láti Èkó rí i pé omi ti ń fà kúrò lábẹ́ ọkọ̀ wa, ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀. Ó yíjú sí ìyá àgbà tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí la ó máa ṣe títí omi á fi padà wá?"

Ìyá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ ó jẹun, ọmọ mi."

"Lẹ́yìn tí a bá jẹun ńkọ́, Mà?"

"Ẹ ó sùn. Bí ẹ bá jí, ẹ ó tún jẹun."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni gbogbo ètò tí mo ní. Ẹ jókòó kí ẹ wo bó ṣe ń yan ẹja. Àgbá tí wọ́n gé sí méjì ló fi ṣe àdìrò, wáyà ló tẹ́ sórí rẹ̀. Igi ẹ̀gbà ló fi ń dáná, nítorí iná rẹ̀ kì í yára kú, èéfín rẹ̀ sì ń fún ẹja ní àwọ̀ pupa tí àwọn oníbàárà Igbókòdá ń wá. Ẹja àgbòdò ló tò sórí wáyà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Kò fi nǹkan kan yí wọn padà bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó fi sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan èkejì, ó yí i. Mo bi í rí báwo ló ṣe ń mọ èyí tó ti tó yí. Ó ní awọ rẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ wáyà mọ́.

Púpurú ni oúnjẹ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí wọ́n fún, tí wọ́n mọ ní roboto, tí wọ́n tò sórí iná kí èéfín lù ú. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun. Wọ́n á ha dúdú kúrò, wọ́n á gún ìyókù, wọ́n á kù ú, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Àwa Ìlàjẹ, àwọn Ìkálẹ̀, Apọ́ì àti àwọn Ìjọ̀ Àrógbò la jọ ni ín. Pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú àwọ̀n bọ́ sínú ìkòkò, kò sí ilé oúnjẹ tó lè ta á fún yín l'Ékòó, torí pé ẹja yẹn ti ní láti sùn lọ́nà. Omi mímu ni ìṣòro ibẹ̀. Omi òjò tí wọ́n gbè sínú táǹkì láti orí páànù ni, tàbí omi ọ̀rá tó ti Igbókòdá wá. Nítorí náà, omi ni ẹrù tó wúwo jù nínú ọkọ̀ mi, a sì máa ń fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gbà wá lálejò.

Bí omi bá kún padà tí ọjọ́ kò tíì lọ jù, Ayétòrò ni ibi kejì. Ìlú tí àwọn Aládùúrà tẹ̀ dó ní 1947 nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan nígbà náà, tí kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù, tí wọ́n jọ ń pín oúnjẹ àti aṣọ. Wọ́n kan ọkọ̀ tiwọn, wọ́n ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ìlú tó jù wọ́n lọ ń tan àtùpà. Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett kọ ìwé kan nípa wọn ní 1977, ó fi orúkọ mìíràn bo ìlú náà láṣìírí, àmọ́ kò sí ọmọ Ìlàjẹ tó ka ìwé náà tí kò mọ ibi tó ń wí. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ìlú yẹn báyìí. Àwọn ilé, ilé ìjọsìn, itẹ́ òkú pàápàá, ti wọ omi lọ. Láti 2004 ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ìdènà òkun síta fún Ayétòrò, ìgbì kò sì dúró dè wọ́n.

Ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Índíà, ní àgbègbè Alappuzha, ẹrẹ̀ irú tiwa máa ń kóra jọ sétí òkun lásìkò òjò, àwọn apẹja ibẹ̀ sì ń dúpẹ́ fún un, nítorí ẹrẹ̀ ń gbé agbára ìgbì mì, omi á pa rọ́rọ́, wọ́n á rí ibi gúnlẹ̀ sí nígbà tí gbogbo etíkun yòókù ń hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ tó bá dára. Ìgbì á ti rẹ̀ kó tó dé ẹsẹ̀ yín. Ìdí nìyí tí àlejò fi máa ń wo òkun Ayétòrò lóṣù Kejìlá, tí á ní kì í ṣe omi jẹ́jẹ́ yìí ló ń jẹ ìlú. Kó padà wá ní oṣù Keje. Ẹrẹ̀ tó ń tu ìgbì lójú náà kò ní egungun; bí òkun bá ru gan-an, ó ń yọ́ ni, kò sì sí yanrìn tí yóò wá dípò rẹ̀.

Mo ń mú àlejò lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú ògiri tó ti dà wó kó máa fi eyín hàn sí kámẹ́rà. Ilé ẹlòmíì ni.

Nígbà mìíràn, ẹnìkan á béèrè nípa iná ilé-iṣẹ́ epo tó ń jó lójú òkun lọ́nà jíjìn. Mo máa ń sọ ọ́ ní kúkúrú. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọmọ wa tó lé ní ọgọ́rùn-ún gun orí pèpéle epo Parabe ti Chevron láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn ọmọ ogun tí hẹlikọ́pítà gbé dé yìnbọn, ẹni méjì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn tó jókòó gbọ́ ọ sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní 2008. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí ọmọdé kan á fi béèrè bóyá ẹja ṣẹ́ kù.

Àbọ̀ wa gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò gba àdéhùn lórí ìyẹn, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ fi owó kún owó. Òkùnkùn, kùkùté àti ọkọ̀ aláìnífìtílà tó ń kó ẹja bọ̀ láti òdìkejì kò jọra wọn rárá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pàdé. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mi ló ń wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì láti èbúté dé èbúté, àti ẹni tó ní odò ni wọ́n bí òun sí. Inú ipa-omi ni a ń gbà lọ, inú rẹ̀ la ń gbà bọ̀. N kì í bọ́ sójú agbami nítorí pé ẹnìkan fẹ́ ya fídíò.

Lórí owó: èyí tí mo ń gbà kò kan oúnjẹ. Ìyá tó se oúnjẹ ni kí ẹ san owó rẹ̀ fún, lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì fún àwọn ọmọdé ní owó lórí afárá, nítorí wọ́n ti ń fi ìyẹn sá ní ilé-ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹní, ẹ rà á. Bí ẹ bá ra ẹja gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ó fi bébà dì í, ọ̀rá máa ń mú kí ó bu. Ẹni tó bá ń gbèrò láti wá lóṣù Kejìlá, kó pè mí kí oṣù Kọkànlá tó tán, kó sì sọ iye ọmọdé tó ń mú bọ̀ àti bí wọ́n ṣe tóbi tó, kí n lè wá jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara wọn mu. Ọjọ́ tí a ó lọ, èmi àti òṣùpá la ó mú un.